Ìwé Tí Lìádì Gbé Wọlé

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, dúró díẹ̀ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún ọ. Lìádì ni orúkọ rẹ̀, aránṣọ ni ní àdúgbò Hindáwíyà ní ìlú Jẹ́dà. Kì í mutí. Kì í jalè. Kì í wo ìyàwó oníyàwó. Bí o bá pàdé rẹ̀ lọ́nà mọ́sálásí, ohun tí wàá wí ni pé ẹni rere ni.

Síbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ó di apààyàn. Kò gbé ọ̀bẹ, kò sì wá májèlé. Ìwé ló ń kà.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i. Ọmọdé ni nígbà tí ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ rin ìrìn-àjò Mẹ́kà, ó sì dúró sọ́hùn-ún títí ó fi di àgbà. Ó fẹ́ Sàrátù, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀, tó ń bá àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú fọṣọ. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Zakiya. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀ ń bá a sọ nínú ilé, èdè Lárúbáwá ló sì fi ń dá wọn lóhùn.

Ohun kan wà tó ń já Lìádì láyà. Kò ní ìkámà, ìwé àṣẹ tí ìjọba fi ń gba àlejò láyè láti máa gbé ìlú náà. Bí ó bá ti rí ọlọ́pàá lókèèrè, á yà sí ọ̀nà mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn láìròtẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi ẹ̀rù yìí ni Ṣàìtánì gbà wọlé tọ̀ ọ́.

Lọ́dún 1952, òun àti Harun ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ lọ sí Mẹ́kà. Harun ń rán tìmùtìmù nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà tí Lìádì ti ń ránṣọ. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Nígbà tí wọ́n kírun tán, wọ́n yà síbi tí àwọn òǹtàwé ń pàtẹ sí lẹ́bàá Mọ́sálásí Ńlá. Harun fẹ́ràn ìwé púpọ̀. Ó mú ọ̀kan tó sọ nípa àwọn olódodo ayé àtijọ́ àti sùúrù wọn nígbà ìpọ́njú, ó ń ṣí i, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lìádì kò wo ìyẹn. Òǹtàwé kan ti ṣẹ́jú sí i, ó ti na ọwọ́ sábẹ́ ẹní, ó sì fa ìwé kékeré kan tí èèpo rẹ̀ dúdú yọ.

"Kí lo rà yẹn?" Harun bi í nígbà tí wọ́n ń padà lọ.

"Ìwé ìmọ̀ ni."

"Ìmọ̀ wo?"

"Ìmọ̀ ohun tó ń bọ̀. Ó ń sọ ọjọ́ rere àti ọjọ́ burúkú. Bí o bá ṣírò orúkọ ènìyàn mọ́ orúkọ ìyá rẹ̀, wàá mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ rẹ ni tàbí ọ̀tá."

Harun dúró lójú ọ̀nà. "Wọ̀láhì, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó ń bọ̀. Lìádì, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń yan ìwé fún ọ. Bí mo bá kà á, tí ọkàn mi wá fẹ́ ṣe rere, tí mo fẹ́ràn Ọlọ́run sí i, tí ojú àánú ni mo fi ń wo àwọn ènìyàn, mo gbà pé ìwé náà dára. Bí mo bá kà á tán tí mo ń bẹ̀rù gbogbo ẹni tí mo rí, màá dá a padà fún ẹni tó tà á fún mi."

"Ìwọ ní ìkámà," ni Lìádì fi dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìwé náà fi sọ fún un pé kò gbọdọ̀ jáde lọ́jọ́rú kan báyìí. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ariwo sọ ní ọjà. Àwọn ọlọ́pàá ti yí ibẹ̀ ká, wọ́n kó gbogbo ọkùnrin tí kò ní ìkámà sínú ọkọ̀ ẹrù, wọ́n kó wọn lọ sí etíkun láti dá wọn padà sí ìlú wọn. Lìádì gbọ́ ẹkún àwọn ìyàwó tó ń sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò bá wọn sunkún. Ó fẹnu ko ìwé náà lẹ́nu.

Wo bí ìdẹkùn náà ṣe mú un! Ṣàìtánì sọ òtítọ́ kan fún un, kí ó lè rà á fún irọ́ tó ṣẹ́kù.

Látọjọ́ náà ni ilé Lìádì ti yípadà. Tẹ́lẹ̀, bí ó bá kírun ìdájí tán, á ka Ìwé Ọlọ́run. Ìwé dúdú náà gba àkókò yẹn. Tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ìrun alásárì nírọ̀lẹ́, Zakiya á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì, baba á máa sọ ìtàn àwọn ẹni rere fún un bí ó ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì lọ. Ó dá ìyẹn dúró. Bí afọ́jú bá kọjá níwájú rẹ̀ láàárọ̀, á padà sílé. Bí oníbàárà bá kí i, kò ní dáhùn kí ó tó bi í pé, "Kí ni orúkọ ìyá yín?"

Ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ìròyìn ti kàn pé Àlàájì aránṣọ mọ ohun tó pamọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá ni Fáòsíátù, ìyàwó ilé kan tí oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Àlàájì, ẹ bá mi wò ó. Kí ni mo ṣe?"

Lìádì ṣírò, ó ṣí ìwé, ó mi orí. "Kì í ṣe ohun tí o ṣe. Obìnrin kan wà tí ẹ jọ ń jẹun nínú àwo kan. Òun ló ń jẹ ọmọ rẹ."

Obìnrin kan ṣoṣo ló ń bá Fáòsíátù jẹun nínú àwo kan. Kòfowórọlá ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ìyá, ẹni tó pọ̀n ọ́n dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, Fáòsíátù ti da ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síta. Obìnrin náà ń pariwo pé, "Èmi ṣe kí ni? Fáòsí, èmi ṣe kí ni?" Kò ní ìkámà, kò sì ní ibòmíràn tí yóò fara pamọ́ sí. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti mú un. Wọ́n fi í sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Sudan, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n sọ fún Lìádì, ohun tó wí ni pé, "Ìwé ló sọ ọ́." Ó padà sídìí aṣọ tó ń gé.

Sàrátù ìyàwó rẹ̀ gbọ́ èsì náà, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Ó ní, "Bàbá Zakiya, obìnrin tó fún mi ní omi gbígbóná nígbà tí mo bímọ nìyẹn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìwé yìí kúrò nílé mi."

Lìádì kò wò ó. Ó ti ń ronú ohun mìíràn. Ó ti ṣírò orúkọ àwọn aládùúgbò tán, kò tíì ṣírò orúkọ àwọn ará ilé rẹ̀.

Ó ṣe é lọ́sàn-án kan tí Sàrátù kò sí nílé. Ó ṣí ojú ìwé tó sọ nípa ikú olórí ilé. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀ pé ẹni tí yóò pa á wà nínú ilé, ó ń jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀. Ó ṣírò orúkọ Sàrátù, kò bá a mu. Ó wá kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣírò rẹ̀. Ó pa á rẹ́, ó tún un ṣírò. Ibì kan náà ló ń já sí.

Bí ó ṣe gbójú sókè báyìí, Zakiya dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ife tíì dání fún un.

Lìádì gba ife náà. Ó dúró títí ọmọ fi yíjú padà, ó sì da tíì náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti rí i.

"Abúyà, lèéṣì?" Bàbá mi, èéṣe?

Baba rẹ̀ dìde, ó jáde lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò jẹ ohunkóhun tí ọmọ náà bá fọwọ́ kàn. Kò jẹ́ kí ó jókòó sí ẹ̀yìn òun. Bí ọmọ bá rìn wọ inú yàrá, baba á ṣí ojú sílẹ̀, á máa ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ejò. Ọmọ tí kò mọ ohun tó ṣe ń rù lójú wọn.

Àkókò Háájì ọdún tó tẹ̀ lé e dé. Ooru oṣù Ògọ́ọ̀sì ni, ooru tí ń bó ènìyàn láwọ̀. Lìádì kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà, wọ́n gba yàrá kan ní ọ̀nà tó lọ sí Mínà nítòsí ìlú náà, kí ó lè máa bá àwọn àlàájì tó ti Nàìjíríà wá ránṣọ. Ìwé náà wà nínú àpótí rẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan ni ara Zakiya gbóná. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọrùn rẹ̀ ti le gan-an. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan orí rẹ̀, á ké. Nígbà tó yá, kò ké mọ́.

"Bàbá Zakiya, ẹ dìde," ni Sàrátù wí. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn."

Lìádì ṣí àpótí. Ó mú ìwé náà, ó wo ọjọ́. Ọjọ́ burúkú ni, ẹni tó bá jáde lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ọ̀tá yóò tẹ̀ ẹ́. Ó ka ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tó bá fẹ́ lọ lọ́jọ́ yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dúró.

Ó pa ìwé dé. "Ká ní sùúrù. Ara rẹ̀ yóò wálẹ̀."

Oòrùn ń gòkè. Ara ọmọ náà kò wálẹ̀. Sàrátù ń fi aṣọ tútù nù ún, ó ń bẹ ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n dúró díẹ̀ sí i. Ọ̀rẹ́ mi, gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin náà bí ó ti jókòó síbẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohùn kan ń sọ nínú rẹ̀ pé, "Jẹ́ kí ó lọ. Bí ó bá kú, ìwọ yóò yè." Ohùn náà sì tù ú lára.

Sàrátù gbójú sókè wò ó, ó rí i lójú rẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí ó kú ni?"

Ó yíjú sí ògiri.

Obìnrin náà gbé ọmọ pọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọmọ náà ti gùn dé orúnkún rẹ̀, ó sì jáde sínú oòrùn.

Lìádì ti ilẹ̀kùn, ó sì tún ṣí ìwé. Ó fẹ́ mọ ẹni tó kù tí òun lè gbẹ́kẹ̀ lé láyé. Ó ṣírò orúkọ Harun, ọ̀tá ló jẹ́. Ó ṣírò orúkọ Abdulghafur, aáfà arúgbó tó kọ́ ọ ní kíkà, ọ̀tá lòun náà jẹ́. Ó wá ṣírò orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú.

Èsì tó jáde ni pé ẹni tó fẹ́ mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni.

Lìádì wo ọ̀rọ̀ náà títí. Ó rántí ọ̀nà aṣálẹ̀ Sudan tí òun àti ìyá rẹ̀ gbà lọ sí Mẹ́kà. Ó rántí ìyá rẹ̀ tó ń bẹ oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn ará ọ̀nà, tó ń kó o fún un, tó ń sọ pé òun ti yó. Ebi yẹn ló pa á. Wọ́n sin ín sétí òkun kí ọkọ̀ ojú omi tó dé, ọmọ rẹ̀ nìkan ló sì kọjá.

Ó kígbe ní yàrá náà, "Irọ́ ni! Irọ́ ni!"

Bí ẹni tó ta jí, ó rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rí Kòfowórọlá lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ó rí tíì tó dà sílẹ̀ àti ojú ọmọ rẹ̀. Apààyàn kan wà nínú ilé yẹn lóòótọ́, òun sì ni. Ó sáré jáde láì wọ bàtà.

Ilẹ̀ gbóná bí iná. Ní ìkóríta, ọlọ́pàá kan na ọwọ́ dá a dúró, ó bèèrè ìkámà. Ohun tí Lìádì ti ń sá fún láti ọdún mélòó kan ló dúró níwájú rẹ̀ yìí.

"N kò ní," ló dá a lóhùn. "Ọmọ mi ń kú lọ. Ẹ jẹ́ kí n rí i ná, lẹ́yìn náà kí ẹ mú mi."

Ọlọ́pàá náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti bó, ó wo ojú rẹ̀. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì nawọ́ sí ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Harun, tí òun náà wá ṣe Háájì, ló bá lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Òun ló pàdé Sàrátù níbi tó ti ṣubú lójú ọ̀nà, òun ló bá a gbé ọmọ débẹ̀. Sàrátù wà nínú ilé lọ́dọ̀ ọmọ. Dókítà ti sọ fún wọn pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wá, kò sì mọ̀ bóyá ọmọ náà yóò yè.

Lìádì wó lulẹ̀ sẹ́bàá ògiri. "Harun, mo ti pa ọmọ mi. Mo jókòó, mo ń dúró kí ó kú."

Harun jókòó tì í. Kò bá a wí.

"Ǹjẹ́ Ọlọ́run lè gba irú èmi yìí?"

"Aláàánú ni," Harun dá a lóhùn. "Bó ṣe pé Ó ti kọ̀ ọ́ ni, ìwọ ì bá ṣì wà nínú yàrá yẹn tí o ń ka ìwé. Àmọ́ ìwọ fúnra rẹ ni yóò tọ̀ Ọ́ lọ, ọ̀rẹ́ mi. N kò lè bá ọ ṣe túúbá. Sọ ohun tí o ṣe fún Un. Jáwọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà, wá àwọn tí o ṣẹ̀ lọ."

Lìádì ṣe àlùwàlá pẹ̀lú omi díẹ̀ tí wọ́n bù fún un. Ó forí kanlẹ̀ nínú eruku. Kò rántí àdúà gígùn kankan. "Olúwa mi, mo fi ẹ̀dá Rẹ rọ́pò Rẹ. Mo gba ìwé gbọ́ ju Ìwọ lọ. Mo ti padà. Dárí jì mí." Ohun tó ń wí nìyẹn títí oòrùn fi wọ̀.

Zakiya kò kú. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó lajú, ó wo ìyá rẹ̀. Lìádì dúró lẹ́yìn orí ibùsùn, ó pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà kò yíjú. Ó tún pè é, ó pariwo. Àwọn aláìsàn yòókù ló yíjú wò ó.

Àìsàn náà ti mú etí ọmọ náà lọ. Dókítà ní bí wọ́n bá tètè gbé e wá ni, bóyá ì bá má rí bẹ́ẹ̀.

Lìádì mú ìwé dúdú náà, ó ya á ní ewé kọ̀ọ̀kan, ó kó o sínú iná. Ọkùnrin kan láàárín àwọn àlàájì sáré dé, ó ní kí ó má ṣe bà á jẹ́, kí ó fún òun. "Ẹ ní ọmọ nílé?" ni Lìádì bi í. Ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Lìádì ju èyí tó kù sínú iná.

Ó padà sí Jẹ́dà, ó lọ bá Fáòsíátù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilé rẹ̀, ó sọ pé irọ́ lòun pa mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fáòsíátù dúró wò ó, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ sọ fún ìwé yín kí ó bá mi wá a rí," ló wí. Ó ti ilẹ̀kùn.

Lìádì ti rán àwọn tó ń lọ sí Sudan níṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun wá obìnrin kan tó ń jẹ́ Kòfowórọlá. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, kò tíì sí èsì. Ọlọ́run a máa dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi tó ti lọ kò padà.

Ní báyìí, Lìádì ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìwé kíkà. Ojú nìkan ló kù fún ọmọ náà láti fi gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí ẹni burúkú bá bá a sọ̀rọ̀ láti inú ìwé, baba rẹ̀ kò lè ti yàrá kejì kígbe pé kí ó má gbọ́. Ìdí nìyí tí Lìádì fi ń ka gbogbo ìwé tán kí ó tó fi lé e lọ́wọ́. Bí Harun ti kọ́ ọ ló ṣe ń bi ara rẹ̀ léèrè pé, ṣé yóò mú kí ó fẹ́ràn Ọlọ́run? Ṣé yóò mú kí ó ṣàánú ènìyàn? Ṣé yóò gbé ọkàn rẹ̀ sókè lọ́jọ́ tí ìbànújẹ́ bá dé? Ó ra ìtàn àwọn olódodo, ìwé nípa sùúrù, ìwé nípa ọrẹ ṣíṣe. Nírọ̀lẹ́, Zakiya á jókòó sórí ẹní, á máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ. Nígbà mìíràn, á rẹ́rìn-ín sí ohun tó kà, Sàrátù á dúró nídìí ààrò láti wò ó, á sì wo ọkọ rẹ̀. Kò tíì lè wò ó pẹ́.

Ìwọ ńkọ́? Ìtàn Lìádì ti parí lẹ́nu mi, tìrẹ ló kù. Ìwé wo ni ò ń kà tí o kò fẹ́ kí ọmọ rẹ rí? Àwọn wo ni o ti ń fura sí látìgbà tí o ti ń kà á? Bóyá kì í ṣe ìwé àṣírí ni tìrẹ. Bóyá ìwé ìṣekúṣe ni, tàbí èyí tó ń kọ́ ọ láti kórìíra ẹ̀yà kan, tàbí èyí tó ń fi Ọlọ́run ṣẹ̀sín. O ń sọ pé ọ̀rọ̀ inú tákàdá lásán ni. Lìádì náà pe tirẹ̀ ní ìwé ìmọ̀ lójú ọ̀nà Mẹ́kà.

Má dúró di ìgbà tí ara ọmọ yóò gbóná. Ilẹ̀kùn túúbá ṣí sílẹ̀ bí o ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sẹ́ni tó ṣèlérí fún ọ pé wàá bá a ní ṣíṣí lọ́la. Dìde nísinsìnyí, mú ìwé náà jáde, kí o sì forí kanlẹ̀ fún Ẹni tó dá ọ. Lẹ́yìn náà, wá ìwé rere kan, kí o pe àwọn ọmọ rẹ jókòó, kí o sì kà á sí wọn létí nígbà tí wọ́n ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ.